Òkété Àgbà àti Ebu Inú Ọpọlọ

(Ìlù ìbẹ̀rẹ̀ ètò. Ó rọlẹ̀.)

  

Ẹni tó bá ti gba títì Ifẹ̀ àtijọ́ rí, láti Adégbàyí dé Ẹ̀gbẹ́dá, kó tún máa lọ sápá Aṣéjìre, yóò ti rí àwọn ọdẹ tó máa ń na òkété sí ọlọ́kọ̀. Wọ́n á di ìrù rẹ̀ mú, orí á dojú kọlẹ̀. Àwa tí a bá ní kí dẹ́rẹ́bà dúró, ìbéèrè méjì péré la máa ń bi wọ́n: èló ni, ìgbà wo lẹ pa á? N ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè ohun tó wà lágbárí òkété náà.

Àmọ́ àwọn kan ti béèrè. Ní 2014, Matthew Olude tó ń kọ́ni nípa ìṣègùn ẹranko ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ọ̀gbìn tó wà l'Abẹ́òkúta, James Olopade ti Yunifásítì Ìbàdàn níbí, àti Amadi Ihunwo ti Yunifásítì Witwatersrand ní Johannesburg, gbé ìwádìí kan jáde lórí ọpọlọ òkété. Òkété wa yìí gan-an o, kì í ṣe eku funfun inú àgò tí òyìnbó ń sìn. Wọ́n rẹ́ ọpọlọ náà pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, wọ́n sì fi oògùn aláwọ̀ sí i. Oògùn kan wà tí àwọ̀ rẹ̀ kì í mú àfi lára sẹ́ẹ̀lì tó ń pín sí méjì lọ́wọ́. Èkejì kì í mú àfi lára èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà di sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ. (Ẹ ò rí i, bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti pípa nǹkan láró, ará Abẹ́òkúta ò ní gbẹ́yìn.) Nígbà tí wọ́n gbé e sábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, àwọ̀ hàn pàápàá níbi méjì: lára ògiri yàrá omi tó wà ní àárín gbùngbùn ọpọlọ, àti níbi tí ọpọlọ ń kó ìrántí jọ sí. Òkété tó ti dàgbà, tó ti bímọ, tó ti mọ gbogbo ojú ihò tó wà nínú igbó, ṣì ń pèsè sẹ́ẹ̀lì tuntun sínú agbárí ara rẹ̀.

Ṣé ẹ mọ sẹ́ẹ̀lì? Wóró tíntìntín ni, ojú lásán ò lè rí i, òun la sì fi kọ́ ara gbogbo ohun abẹ̀mí. Ti awọ yàtọ̀, ti ẹ̀jẹ̀ yàtọ̀, ti ọpọlọ náà yàtọ̀. Àmọ́ irú kan wà tí kò tíì di nǹkan kan. Òyìnbó ń pè é ní stem cell. Àwọn tó ń polówó oògùn nínú ọkọ̀ ń pè é ní sítẹ́ẹ̀mù sẹ́ẹ̀lì, a óò sì dé ọ̀dọ̀ wọn láìpẹ́. Èmi máa pè é ní ebu lálẹ́ òní, ẹ̀yin àgbẹ̀ á sì mọ ìdí rẹ̀. Bí ẹ bá kọ́kọ́ wa iṣu ní nǹkan bí oṣù Agẹmọ, tí ẹ gé iṣu náà kúrò, tí ẹ fi orí rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ìtàkùn nínú ebè, tí ẹ sì tún wa erùpẹ̀ bò ó, ǹjẹ́ kì í ṣe ebu lẹ máa bá níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn? Ẹ jẹ níbẹ̀, ẹ sì tún rí èyí tí ẹ máa gbìn. Bí sẹ́ẹ̀lì ebu ṣe ń ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn. Á pín sí méjì, ọ̀kan á lọ di òṣìṣẹ́, ìkejì á jókòó síbẹ̀, á ṣì máa jẹ́ ebu.

Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi gbà pé ọpọlọ àgbàlagbà ò ní ebu kankan. Wọ́n fi í wé eyín: eyín ọmọdé tó bá yọ, òmíràn ń bọ̀, àmọ́ eyín àgbàlagbà tó bá kán, ó di kí á máa bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Ramón y Cajal, ọmọ Sípéènì tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1906, ló fìdí ẹ̀kọ́ yẹn múlẹ̀, kò sì rọrùn fún ẹnikẹ́ni láti já baba ńlá bẹ́ẹ̀ ní koro. Ní 1962, Joseph Altman ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ síwèé pé òun rí sẹ́ẹ̀lì tuntun nínú ọpọlọ eku tó ti dàgbà. Wọn ò dá a lóhùn. Kì í ṣe pé wọ́n bá a jà o, wọ́n kàn wò ó níran ni, ó sì tó ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ayé tó padà sórí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ọdún 1962 yẹn kan náà ni Latunde Odeku, ọmọ bíbí Awẹ́ lẹ́bàá Ọ̀yọ́, padà wálé láti Amẹ́ríkà, tó wá ń ṣiṣẹ́ ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà n'Ìbàdàn. Ọmọ ọdún márùn-ún péré ni UCH nígbà náà. Kó tó dé, kò sí ọmọ Nàìjíríà kankan tó jẹ́ oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Ẹ rò ó wò ná: ẹni tó bá já lórí ọ̀pẹ ní Ẹ̀gbẹ́dá láyé ìgbà yẹn, tí ẹ̀jẹ̀ dì sí i lágbárí, ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n máa gbé e lọ? Odeku dá ẹ̀ka náà sílẹ̀, ó kọ́ àwọn ọmọ lẹ́kọ̀ọ́, ó tún ń kọ ewì (bẹ́ẹ̀ ni, ewì, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde). Adelola Adeloye, ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì, dara pọ̀ mọ́ ọn. Ní 1971 àwọn méjèèjì ṣàlàyé irú kókó kan tó máa ń yọ sórí àwùjẹ̀ ọmọ ọwọ́, débi pé títí dòní, orúkọ tiwọn la fi ń pe àrùn náà káàkiri àgbáyé. Odeku kú ní 1974, ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni. Ibi ìkàwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Ìbàdàn ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Mo ya bàrá díẹ̀, ẹ forí jì mí. Inú mi kì í dùn kí n máa sọ̀rọ̀ ọpọlọ n'Ìbàdàn kí n má dárúkọ wọn.

Ti ènìyàn ńkọ́? Ní 1998, àwọn oníṣègùn kan ní Sweden àti Amẹ́ríkà rí ẹ̀rí àkọ́kọ́. Àwọn alárùn jẹjẹrẹ kan ti gba oògùn kan tó máa ń wọnú sẹ́ẹ̀lì tó bá ń pín. Wọ́n sì gbà pé bí àwọn bá kú kí wọ́n yẹ ọpọlọ àwọn wò. Márùn-ún ni wọ́n. Oògùn náà wà nínú ọpọlọ wọn, níbi ìrántí. Lẹ́yìn náà ni Jonas Frisén àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Stockholm tún gba ọ̀nà kan tó yà mí lẹ́nu. Ẹ̀yin àgbà á rántí pé ní 1960 àwọn Faransé lọ yin bọ́ǹbù átọ́míìkì wò nínú aṣálẹ̀ Sàhárà, tí inú sì bí ìjọba Nàìjíríà débi tó fi lé aṣojú wọn lọ ní 1961. Bọ́ǹbù tí gbogbo àwọn alágbára ayé ń yìn nígbà yẹn sọ afẹ́fẹ́ di nǹkan mìíràn: irú kábọ́ọ̀nù kan pọ̀ sí i níbi gbogbo, ó wọnú ewé, ó wọnú iṣu, ó wọnú wa. Sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n bí lọ́dún kan, iye kábọ́ọ̀nù ọdún yẹn ló gbé wọnú ara rẹ̀. Nítorí náà èèyàn lè ka ọjọ́ orí sẹ́ẹ̀lì. Wọ́n kà á, ní 2013 wọ́n ní nǹkan bí 700 sẹ́ẹ̀lì tuntun ló ń dé sí ibi ìrántí lójúmọ́, ní ẹ̀gbẹ́ orí kọ̀ọ̀kan.

Kí ẹ tó pàtẹ́wọ́, ẹ fi 700 yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ sẹ́ẹ̀lì tó tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 86 tó wà nínú ọpọlọ wa. Kékeré ni. Àwọn kan tilẹ̀ ní kékeré yẹn gan-an ò sí: ní 2018, ẹgbẹ́ kan láti San Francisco yẹ ọpọlọ àwọn òkú wò, wọ́n ní lẹ́yìn ìgbà èwe àwọn ò rí nǹkan kan mọ́. Oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀, ẹgbẹ́ mìíràn ní New York ní irọ́ ni, ó wà lọ́pọlọ arúgbó ọdún 79. Ní 2025 àwọn ará Stockholm tún jáde, wọ́n ní àwọn rí ebu náà lọ́pọlọ àgbàlagbà, àmọ́ ti ẹnìkan ò dọ́gba pẹ̀lú ti ẹlòmíràn. Èyí tó bá mi lára mu jù lọ nìyẹn, torí kò sí oko méjì tí ebu inú àká wọn dọ́gba.

(Ìlù díẹ̀.)

Ẹ jẹ́ kí n mú un wálé wàyí. Ẹ̀gbọ́n wa kan wà ní abúlé kan lẹ́yìn Ẹ̀rúnmu, akọ̀pẹ ni. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, igbà já mọ́ ọn lára lókè ọ̀pẹ. Ó fi orí gbá kùkùté. Àwọn tó sáré dé ibẹ̀, àánú ló ṣe wọ́n, àmọ́ ohun tí wọ́n ṣe ò dáa: wọ́n gbé e sáàárín èèyàn méjì lórí ọ̀kadà, orí rẹ̀ ń mì lọ mì bọ̀ bí orí ọmọ tuntun. Ẹ dákun, ẹni tó bá fi orí ṣubú, ẹ má fà á lápá fà á lẹ́sẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ gbalaja sórí pákó, kí ẹnìkan máa di orí àti ọrùn rẹ̀ mú ṣinṣin. Ẹ má rọ omi tàbí àgbo sí i lẹ́nu. Bó bá ń bì, tàbí tó ń sùn lọ ní àìtọ́, tàbí tí omi mọ́ gaara ń jáde nímú tàbí létí rẹ̀, tàbí tí ọmọlójú kan tóbi ju èkejì lọ, ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú orí lẹ máa gbé e lọ, kì í ṣe kẹ́mísìtì.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n wa dé ilé ìwòsàn, wọ́n dá agbárí rẹ̀ lu, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ tó dì síbẹ̀ jáde. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ kan kó tó la ojú. Nígbà tó jí, apá ọ̀tún ò ṣe é gbé, ọ̀rọ̀ sì ti dàrú mọ́ ọn lẹ́nu. Orúkọ àbúrò rẹ̀ ló ń pe ìyàwó rẹ̀. Wọ́n gbé ọbẹ̀ òkété fún un, ó ní ọ̀kẹ́rẹ́ ni. Kì í ṣe pé kò mọ òkété, ó mọ̀ ọ́n dáadáa, ọ̀rọ̀ ló ń fò kúrò ní ẹ̀ka tó yẹ kó bà lé. Àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín, òun náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú rẹ̀.

Nínú agbárí irú èèyàn bẹ́ẹ̀, ikú ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àkọ́kọ́ ni ti ojú ẹsẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ìfarapa náà pa. Ìkejì ń rọra bọ̀, fún wákàtí àti ọjọ́ púpọ̀: ọpọlọ á wú, agbárí ò sì ní fẹ̀ fún un, ẹ̀jẹ̀ ò ní rọ́nà gbà, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí kò fara gbá a á máa kú tẹ̀ lé àwọn tó fara gbá a. Èyí ni dókítà ń bá jà. Àsìkò yẹn náà ni ebu máa ń ta jí. A rí i lára eku pé bí ọpọlọ bá fara pa, ebu tó wà lára ògiri yàrá omi máa ń pín kíkankíkan, àwọn ọmọ rẹ̀ á sì dìde, wọ́n á máa wọ́ lọ sí ojú ọgbẹ́, bí ẹni pé wọ́n gbọ́ ariwo.

Kí ni wọ́n ń ṣe bí wọ́n bá débẹ̀? Gbogbo wa la rò pé wọ́n ń lọ rọ́pò àwọn tó kú ni. Olle Lindvall àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lund, ní Sweden, fọwọ́ kàn án ní 2002. Wọ́n fi eku tí àrùn rọpárọsẹ̀ ṣe dán an wò. Ọmọ ebu lọ lóòótọ́, àwọn kan tilẹ̀ di sẹ́ẹ̀lì irú èyí tó kú. Àmọ́ ohun tó lé ní ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló kú láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Bí a bá wá kó àwọn tó ṣẹ́ kù jọ, nínú ẹgbẹ̀rún kan sẹ́ẹ̀lì tó ti lọ, nǹkan bíi méjì péré ni wọ́n rọ́pò. Méjì! Àgbẹ̀ tó gbin ẹgbẹ̀rún ebè tó wa iṣu méjì, ṣé ẹ máa ní ó kórè?

Níbí yìí ni òwe tí gbogbo wa mọ̀ ti wá bá mi. Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní ń mu. Ọ̀rọ̀ ìtọ́jú òbí là ń fi í sọ. Àmọ́ ẹ wo bó ṣe bá ọ̀rọ̀ yìí mu. Ọmọ òkété kì í rọ́pò ìyá rẹ̀, ó ń bọ́ ọ ni. Ohun tí àwọn olùwádìí ń rí láti ìgbà yẹn ni pé sẹ́ẹ̀lì ebu àti ọmọ rẹ̀ máa ń tú oje jáde, oje tí kì í jẹ́ kí àwọn sẹ́ẹ̀lì àgbà tó ń kú lọ kú tán, tó ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun rú, tó sì ń pẹ̀rọ̀ sí wíwú. Àwọn mìíràn nínú wọn ń di àpá, wọ́n ń so ojú ọgbẹ́ pọ̀ kó má baà jẹ wọnú. Ní 2013 ẹgbẹ́ Frisén yìí kan náà dí àwọn ebu inú ọ̀pá ẹ̀yìn eku lọ́wọ́ kí wọ́n má lè pín, lẹ́yìn náà wọ́n wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ọ̀pá ẹ̀yìn náà bá fara pa. Ọgbẹ́ náà jìn sí i, àwọn sẹ́ẹ̀lì àgbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì kú ju bó ṣe yẹ lọ. Lójú tèmi, èyí tó ojúlówó iṣẹ́. Ẹni tó dá àwọn ará ilé dúró kí wọ́n má sá lọ, ó ṣe ju ẹni tó kó àlejò méjì wá lọ.

Bí tinú ara ò bá tó, ṣé a ò lè gbin ti ìta sí i? Wọ́n ti ń gbìyànjú. Ní 2010, ní Glasgow, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi abẹ́rẹ́ gbin sẹ́ẹ̀lì ebu ọpọlọ sínú orí àwọn ọkùnrin tí rọpárọsẹ̀ ti ṣe. Mọ́kànlá ni wọ́n. Èsì rẹ̀ jáde ní 2016: kò pa wọ́n lára, àwọn kan sì sàn díẹ̀, àmọ́ èèyàn mọ́kànlá kì í ṣe ìlú. Ní 2024 ìjọba Jàpáánì fàṣẹ sí irú ìtọ́jú kan fún àwọn tí orí wọn fara pa, àṣẹ tó ní gbèdéke. Inú mùdùnmúdùn egungun ni wọ́n ti mú sẹ́ẹ̀lì ìtọ́jú náà, kì í ṣe inú ọpọlọ, ìdí oje náà sì ni wọ́n tún ń lé. Ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ náà rèé: ọmọdékùnrin kan láti Ísírẹ́lì, àrùn àbímọ́ni ń yọ ọpọlọ rẹ̀ lẹ́nu. Àwọn òbí rẹ̀ gbé e lọ sí Moscow, wọ́n gbin ebu tí wọ́n mú lára oyún sí i lórí. Ní 2009 ni àwọn dókítà kọ ọ́ síwèé pé kókó ti ń hù lọ́pọlọ ọmọ náà, àti pé sẹ́ẹ̀lì ẹni ẹlẹ́ni ló wà nínú kókó náà. Ebu tí a ò mọ irú rẹ̀ lè di èpò.

Ìyẹn ló mú mi dé ọ̀dọ̀ àwọn onípolówó wa. Mo wọ ọkọ̀ láti Ìwó Road lọ sí Ẹ̀gbẹ́dá lọ́jọ́ kan, bùọ̀dá kan dìde, ó kọ́kọ́ gbàdúrà fún dẹ́rẹ́bà, ó wá na sáṣẹ́ẹ̀tì kan sókè. Ó ní sítẹ́ẹ̀mù sẹ́ẹ̀lì ni, láti ara èso, ẹ pò ó mómi, ẹ mu ún, ó ń tún ọpọlọ ṣe, ó ń tún kíndìnrín ṣe, ó ń tún ojú ṣe. Ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ ti jábọ́ lórí ọ̀kadà ra méjì. N kò lè dákẹ́. Mo ní, "Bùọ̀dá, sẹ́ẹ̀lì tí ẹ bá gbé mì, ṣé inú ikùn ò ní dà á bó ṣe ń da ẹ̀wà?" Ó ní ẹ̀kọ́ àṣejù ló ń dà mí láàmú. Àwọn èrò rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Àmọ́ òótọ́ ni mo sọ. Sẹ́ẹ̀lì èso ò lè di sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ènìyàn, àní bó bá tilẹ̀ wà láàyè nínú sáṣẹ́ẹ̀tì náà, èyí tí kò sí. Owó tí ìyá yẹn san, ìbá fi wọ ọkọ̀ gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ àwọn fisíò, àwọn tó ń kọ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ bí wọ́n ṣe máa padà ṣiṣẹ́.

Torí ibẹ̀ gan-an ni púpọ̀ nínú ìmúláradá ti ń wá. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ṣẹ́ kù ló ń kọ́ iṣẹ́ àwọn tó kú, wọ́n ń na ẹ̀ka síra wọn, wọ́n ń la ọ̀nà tuntun. Ọ̀nà tuntun ò sì lè là bí ẹsẹ̀ ò bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba inú igbó lọ sóko mọ èyí ju àwọn ọ̀mọ̀wé lọ. Ní 1999 tilẹ̀, wọ́n fún àwọn eku kan ní kẹ̀kẹ́ tí wọ́n lè máa sá yíká nínú rẹ̀, wọ́n sì rí i pé sẹ́ẹ̀lì tuntun tó wà níbi ìrántí tiwọn pọ̀ ju ti àwọn tó jókòó jẹun lọ.

Ẹ̀gbọ́n wa akọ̀pẹ, àwọn fisíò ní kó máa fi ọwọ́ ọ̀tún tó kú yẹn ṣa ẹyìn láàárọ̀, ṣa á lálẹ́. Ní oṣù méjì àkọ́kọ́, ẹyìn ń bọ́, ó ń bú èébú. Ìyàwó rẹ̀ á na nǹkan sí i, á ní, "Baálé mi, kí nìyí?" Bó bá ṣì í, á tún bi í. Kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ rí, àfi lọ́jọ́ tó pe ẹ̀kọ ní ẹ̀ka. Lẹ́yìn ọdún kan, ọwọ́ ti lè so okùn. Kò gun ọ̀pẹ mọ́, kò sì ní gùn ún mọ́. Abẹ́ ọ̀pẹ ló ń jókòó sí báyìí, tó ń la ìgbálẹ̀, tó ń kígbe mọ́ àwọn ọmọ tó wà lókè pé wọn ò di igbà dáadáa.

Lóṣù tó kọjá, a jọ wọ ọkọ̀ láti Ẹ̀rúnmu bọ̀ wá sí Ẹ̀gbẹ́dá. Ọdẹ kan wà lẹ́bàá títì, ó na èyí tó pa sí wa. Ẹ̀gbọ́n ní kí dẹ́rẹ́bà dúró. Ó yọ orí lójú fèrèsé, ó wò ó títí, ẹnu rẹ̀ ń mì bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ lápò. Gbogbo wa dákẹ́.

Ó ní, "Òkété yìí wọ́n jù. Ẹ dín in kù."

Ọdẹ náà ò tíì dárúkọ iye owó kankan.

(Ìlù ìparí.)